Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Físà Ọlọ́jọ́ Kúkúrú sí Agbo Schengen, Kí Ẹ sì Wọlé Láìsí Ìdádúró

Ẹni tó bá fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní Faransé, Jámánì, Ítálì tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn nínú agbo Schengen sábà máa ń rò pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà níwájú òun, ìyẹn ẹ́ḿbásì tí yóò lẹ físà mọ́ ìwé ìrìnnà. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ́ḿbásì ni àkọ́kọ́. Káńtà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni ìkejì, nítorí pé ilé iṣẹ́ tó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé ni yóò gbé e padà, tí wọn yóò sì tún bu ìtanràn lé lórí. Ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní pápákọ̀ òfurufú ni ìkẹta, òfin sì fún un lágbára láti dá ẹni tó ní físà lọ́wọ́ padà sílé. Ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fẹ́ mọ̀: kí lẹ ń lọ ṣe, níbo lẹ ó sùn, ta ni yóò ná owó rẹ̀, ìgbà wo lẹ ó sì padà? Fáìlì kan náà ló sì ń dá wọn lóhùn. Nítorí náà, bí ẹni tó ń to fáìlì ni mo ṣe to ìtọ́sọ́nà yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ agbo tí ẹ ń wọ̀, kí ẹ sì ka ọjọ́ yín

Schengen jẹ́ abúlé kékeré kan létí odò Moselle ní orílẹ̀-èdè Luxembourg. Níbẹ̀ ni orílẹ̀-èdè márùn-ún ti fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1985 pé àwọn yóò mú yíyẹ ìwé wò kúrò ní ẹnubodè tó wà láàárín ara wọn. Orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú agbo náà báyìí, físà kan ṣoṣo ni àlejò sì fi ń rìn káàkiri gbogbo wọn. Kí ẹ má ṣe da agbo yìí pọ̀ mọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù o. Áyálándì àti Sáípírọ́ọ̀sì wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú agbo Schengen. Nọ́wè, Áísìlandì, Swítsàlandì àti Líktẹ́nstáìnì kò sí nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, síbẹ̀ wọ́n wà nínú agbo Schengen. Króátíà wọ agbo náà ní ọdún 2023. Ròmáníà àti Bùlgáríà di ọmọ agbo kíkún ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025, nígbà tí wọ́n gbé yíyẹ ìwé wò kúrò ní ẹnubodè orí ilẹ̀ wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí níbẹ̀ rárá, físà tirẹ̀ sì yàtọ̀ gédégédé.

Físà ọlọ́jọ́ kúkúrú ni wọ́n ń pè ní oríṣi C. Òfin rẹ̀ ni pé àlejò kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí. Ọ̀rọ̀ náà, “èyíkéyìí,” ló ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà, nítorí pé ọjọ́ 180 yìí kì í bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọlé. Ńṣe ló ń bá yín rìn. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wà nínú agbo náà, ẹ ó ka ọjọ́ 180 padà sẹ́yìn, kí ẹ ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, kí ẹ wá wo iye ọjọ́ tí ẹ ti lò nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde, méjèèjì ni wọ́n ń kà, ì báà jẹ́ pé aago mọ́kànlá alẹ́ ni ọkọ̀ yín balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kan tó ní físà ọlọ́dún kan wọlé ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 2027, ó sì jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì. Ọjọ́ 30 ló lò. Ó tún padà wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ mélòó ló kù fún un? Ọjọ́ 60 péré ni, èyí tí yóò parí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, nítorí pé bí a bá ka ọjọ́ 180 padà sẹ́yìn láti ọjọ́ yẹn, a ó kan ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ sì wà nínú rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Bó bá sùn níbẹ̀ di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ó ti rú òfin. Bó bá jáde lásìkò, ọjọ́ 9 oṣù Keje ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tó lò nínú oṣù Kìíní yóò já kúrò nínú ìṣirò, láti ìgbà náà ni yóò sì tún lè wọlé. Ẹ̀rọ ìṣirò kan wà lórí ìkànnì Ìgbìmọ̀ Yúróòpù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n mo máa ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé àti bírò kà á fúnra wọn lẹ́ẹ̀kan, kí òfin náà lè yé wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ẹ́ḿbásì tó yẹ

Bó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo lẹ ń lọ, ẹ́ḿbásì rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Bó bá ju ẹyọ kan lọ, ibi tí ẹ ó ti lo ọjọ́ tó pọ̀ jù, tàbí ibi tí ìdí ìrìn àjò náà gan-an wà, ni yóò gba ìwé yín. Bí ọjọ́ bá wá dọ́gba, tí kò sì sí èyí tó ṣe pàtàkì ju èkejì lọ, orílẹ̀-èdè tí ẹ ó kọ́kọ́ ti ẹnubodè rẹ̀ wọlé ló ni yín. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé lábẹ́ òfin ni kí ẹ sì ti béèrè. Àwọn kan máa ń sá lọ béèrè ní ẹ́ḿbásì tí wọ́n gbọ́ pé ó lawọ́, kí wọ́n tó wá gba ibòmíràn lọ lo gbogbo ọjọ́ wọn. Aṣọ́bodè tó bá rí físà orílẹ̀-èdè kan pẹ̀lú òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ mẹ́wàá ní orílẹ̀-èdè mìíràn yóò béèrè ìdí, bí kò bá sì sí àlàyé gidi, wọ́n lè fagi lé físà náà lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yẹ ìwé ìrìnnà yín wò

Kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti ṣe é, ó gbọdọ̀ ṣì níye lórí fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kúrò ní agbo Schengen, ojú ewé méjì ó kéré tán sì gbọdọ̀ ṣófo nínú rẹ̀. Bí físà àtijọ́ bá wà nínú ìwé ìrìnnà yín tó ti kú, ẹ mú òun náà dání, nítorí ó jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ ti rìn rí, ẹ sì padà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ to ìwé tí yóò sọ ìtàn yín

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ẹ́ḿbásì kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀ lórí ìwé tó ń gbà, ẹ sì gbọdọ̀ kà á lórí ìkànnì tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Síbẹ̀, kókó wọn kò yàtọ̀ síra púpọ̀.

Èkíní ni ìdí ìrìn àjò. Ẹni tó ń lọ sí ìpàdé òwò yóò mú lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó pè é; ẹni tó ń lọ wo ẹbí yóò mú ìwé ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹbí náà, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìgbélùú rẹ̀ àti ohun tó fi hàn pé ẹbí ni wọ́n ní tòótọ́; ẹni tó ń lọ gbafẹ́ yóò kọ ètò ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìlú dé ìlú. Ẹ so lẹ́tà kan tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ mọ́ ọn, kí ó má ju ojú ewé kan lọ. Ohun tí ìwé yòókù kò lè ṣàlàyé fúnra rẹ̀ ni ẹ ó fi lẹ́tà náà sọ: ìdí tí orúkọ yín fi yàtọ̀ lórí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìdí tí ọkọ fi ń san owó ìyàwó, ìdí tí ẹ fi ń gba ìlú tí kò sí lójú ọ̀nà kọjá. Ìyìn orílẹ̀-èdè náà kò wúlò nínú rẹ̀.

Èkejì ni ibi tí ẹ ó dé sí. Ìwé òtẹ́ẹ̀lì gbọdọ̀ bo gbogbo alẹ́ tí ẹ ó lò, láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé ẹnì kan ni ẹ ó dé sí ní Faransé, onílé náà gbọdọ̀ lọ gba ìwé ìgbàlejò ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní mairie. Ní Jámánì, ẹni tó bá fẹ́ ru ẹrù ìnáwó àlejò yóò lọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì. Àwọn ìwé méjèèjì yìí máa ń gba àkókò, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lé.

Ẹ̀kẹta ni owó. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń sọ iye tó yẹ kí àlejò ní lọ́jọ́ kan. Ní Faransé, ó jẹ́ 120 yúrò fún ẹni tí kò ní ìwé òtẹ́ẹ̀lì, 65 yúrò fún ẹni tó ní in, àti 32.50 yúrò fún ẹni tó ní ìwé ìgbàlejò láti mairie. Àkọsílẹ̀ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde nínú àkáǹtì yín fún oṣù mélòó kan ni wọ́n ń wò. Bí ó ti ń rìn ni wọ́n sì ń wò, kì í ṣe iye tó kù nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde nìkan. Owó òjijì tó já wọ àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbéèrè, láìsí àlàyé, máa ń ṣe ìpalára ju owó kékeré tó ń wọlé déédéé lọ. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ lẹ tà tàbí pé àjọ lẹ kó, ẹ fi ìwé rẹ̀ sí i.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tó ń pè yín padà sílé, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè fi ń ṣubú. Lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ tó sọ ipò yín, owó oṣù yín àti ọjọ́ tí ìsinmi yín yóò parí. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ àti ìwé owó orí fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ tí ẹ ń fi sílẹ̀. Ọmọdé tí kò bá àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì rìn nílò lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ òbí tí kò lọ.

Ẹ̀karùn-ún ni ìwé adójútòfò ìrìn àjò. Iye tó gbọdọ̀ lè san kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò, ó gbọdọ̀ níye lórí ní gbogbo agbo Schengen fún gbogbo ọjọ́ tí ẹ ó lò, ó sì gbọdọ̀ bo ìtọ́jú pàjáwìrì, gbígbé aláìsàn padà sílé, àti ikú.

Tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ìwé tó fi hàn pé ẹ ti di àyè mú nínú ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀ ti tó. Ẹ má ṣe san owó tí wọn kò ní dá padà kí físà tó jáde.

Nígbà tí fáìlì bá pé, ẹ fún ẹlòmíràn ní ilé kà, ẹni tí kò mọ ìrìn àjò náà dáadáa. Bí ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ibi iṣẹ́ bá yàtọ̀ sí ti òtẹ́ẹ̀lì, tàbí tí ìwé adójútòfò bá parí ní ọjọ́ méjì ṣáájú àbọ̀, òun ni yóò rí i, nítorí ojú tiyín ti rẹ̀. Ní ti ìwé ayédèrú, ó ju kí wọ́n kọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan lọ: ìdí tí wọ́n fi kọ̀ yín yóò wà nínú àkọsílẹ̀ físà tí gbogbo orílẹ̀-èdè 29 jọ ń lò. Ẹni tó bá sì ní òun mọ ẹnì kan nínú ẹ́ḿbásì tí yóò bá yín ṣe é, owó yín ló mọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi ìbéèrè sílẹ̀

Ẹ lè fi ìbéèrè sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó sì gbọdọ̀ ṣẹ́ ku ọjọ́ 15 ó kéré tán sí ìrìn àjò nígbà tí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, pàápàá bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti Yúróòpù lẹ ń lọ, nítorí pé déètì láti lọ fi ìwé sílẹ̀ máa ń ṣọ̀wọ́n ju físà náà gan-an lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń bá ẹ́ḿbásì gba ìwé. Wọn kò ní ọwọ́ nínú ìpinnu, wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀.

Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2024, owó físà jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà àti 45 yúrò fún ọmọ ọdún mẹ́fà títí dé ẹni tí kò tíì pé méjìlá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kò san nǹkan kan. Wọn kì í dá owó yìí padà bí wọ́n bá kọ̀ yín. Ẹ ó mú fọ́tò tó fẹ̀ ní mìlímítà 35, tó sì ga ní mìlímítà 45, ẹ ó sì tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tó ti tẹ̀ka láàárín oṣù 59 sẹ́yìn fún físà Schengen kì í sábà tún un tẹ̀, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá kì í sì í tẹ̀ka rárá. Ọjọ́ 15 ni òfin fún ẹ́ḿbásì láti ṣe ìpinnu, ó sì lè gùn dé ọjọ́ 45 bí wọ́n bá nílò àyẹ̀wò síwájú sí i.

Bí wọ́n bá kọ̀ yín, wọn yóò fún yín ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ti máàkì ìdí rẹ̀, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìlànà orílẹ̀-èdè tó kọ̀ yín. Kò sí òfin tó ní kí ẹ má béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó fáìlì kan náà padà láìyí nǹkan kan nínú rẹ̀, èsì kan náà lẹ ó gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ka físà yín kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ ti gbà á

Oríṣi iye mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí fi hàn yín àárín ìgbà tí ẹ lè wọlé kí ẹ sì jáde. Iye ọjọ́ ìdúró fi hàn yín ọjọ́ tí ẹ lè lò nínú àárín ìgbà náà, èyí tó sábà máa ń kéré sí i, nítorí wọ́n ń fi ọjọ́ 15 kún físà kí ìrìn àjò lè yẹ̀ díẹ̀ bí ó bá fẹ́ yẹ̀. Ẹni tí físà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 tó sì parí ní ọjọ́ 25, tí wọ́n sì kọ ọjọ́ 10 síbẹ̀, ọjọ́ 10 péré ló ní. Ẹ̀kẹta ni iye ìgbà tí ẹ lè wọlé: 1, 2, tàbí MULT, èyí tó túmọ̀ sí pé kò níye. Ẹni tó ní 1, tó wá láti Paris lọ kí ọ̀rẹ́ ní London tàbí Dublin, ti jáde nìyẹn. Kò lè padà wọ Paris, kódà bí ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sílé bá ń dúró dè é níbẹ̀.

Bí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí bá ní àṣìṣe, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Físà yìí kò sì fún yín láàyè láti ṣiṣẹ́ gba owó.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ múra sílẹ̀ de aṣọ́bodè

Fáìlì tí ẹ kó lọ sí ẹ́ḿbásì, ẹ tẹ ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì fi í sínú àpò tí ẹ ó gbé sọ́wọ́, kì í ṣe inú ẹrù tó lọ sínú ikùn ọkọ̀. Ìbéèrè mẹ́rin tí mo kọ́kọ́ kà yẹn ni aṣọ́bodè yóò bi yín. Ẹ dáhùn ní ṣókí, kí ó sì bá ohun tó wà nínú ìwé mu. Ẹni tí wọ́n bá dá padà ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé tó sọ ìdí rẹ̀.

Ètò EES, tó ń fi àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà rọ́pò òǹtẹ̀ inú ìwé ìrìnnà, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n sì fi ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2026 ṣe gbèdéke tí yóò fi kárí gbogbo ẹnubodè ìta agbo náà. Wọn yóò ya àwòrán ojú yín. Ìka ẹni tó ní físà ti wà lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Látìgbà tí ètò yìí ti dé, kọ̀ǹpútà ló ń ka ọjọ́ 90 yẹn, kì í gbàgbé, kò sì ṣeé bẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé owó tó tó 10,000 yúrò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọdọ̀ kéde rẹ̀ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe láti òde Yúróòpù kò gbọdọ̀ wọlé nínú ẹrù, bó ti wù kó kéré mọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ wọ Yúróòpù, tó kàn fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan, tí Nàìjíríà àti Gánà wà lára wọn, nílò físà ìkọjá oríṣi A kódà bí wọn kò bá ní jáde kúrò nínú pápákọ̀. Ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Japan tí kò tíì kú kò nílò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ jáde lásìkò

Bí àìsàn líle tàbí ìdádúró tí apá yín kò ká bá dé, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjèjì kí físà tó parí, kí ẹ béèrè àfikún ọjọ́. Ọ̀fẹ́ ni bó bá jẹ́ ohun tó kọjá agbára ẹ̀dá tàbí ọ̀ràn ìgbẹ̀mílà. 30 yúrò ni fún ìdí pàtàkì mìíràn tó kan ara yín. Pé ẹ ń gbádùn ìlú náà kò sí lára ìdí tí wọ́n ń gbà.

Ẹ tọ́jú káàdì ìwọkọ̀ àbọ̀ yín. Ẹni tó ti gba físà mẹ́ta láàárín ọdún méjì sẹ́yìn, tó sì lò wọ́n bí òfin ṣe wí, ni ìlànà sọ pé kí wọ́n fún ní físà ọlọ́dún kan tó ń wọlé lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ọdún méjì, lẹ́yìn náà ni ti ọdún márùn-ún. Bí àkọsílẹ̀ ìjáde yín bá sì sọnù nínú ẹ̀rọ wọn, ègé káàdì yẹn ni yóò bá yín sọ ọjọ́ tí ẹ kúrò níbẹ̀.